Káàdì NOTAM, apá kẹsàn-án: EST fojú mi rí màbo

Káàdì tí mo fi ń kọ́ ìkékúrú inú NOTAM (ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ òfurufú) ti di 31. RWY (ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀), TWY (ọ̀nà tí bàálù ń gbà rìn lórí ilẹ̀), APN (ibi tí wọ́n ń gbé bàálù sí), CLSD (wọ́n tì í) àti WIP (iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́) ti wà lára ògiri. U/S náà ti wọlé. Mi ò kà á sí Amẹ́ríkà mọ́, ohun tí kò ṣiṣẹ́ ló ń jẹ́.

EST ló jẹ gbogbo alẹ́ àná. Mo ṣe àpẹẹrẹ kan bí ẹni pé wọ́n ti ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ pápákọ̀ òfurufú wa ní Alákìá pa (àròsọ ni o, ẹ má pe ẹnikẹ́ni):

A) DNIB B) 2501130600 C) 2501171700 EST
E) RWY CLSD DUE WIP

A ni kóòdù pápákọ̀ náà, B ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, C ni ìgbà tó máa parí, E ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ náà. B kò le: ọdún, oṣù, ọjọ́, aago. UTC (aago àgbáyé) ni, nítorí náà 0600 di aago méje àárọ̀ n'Ìbàdàn. Mo dé C, mo rí EST, mo ní aago New York nìyẹn. Mo fi wákàtí márùn-ún kún un, mo tún fi ọ̀kan lé e, ó di aago mọ́kànlá alẹ́. Mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì kí ara tó fu mí. B àti C tó dà bí ìbejì, báwo ni wọ́n ṣe máa jí n'Ìbàdàn, tí wọ́n á lọ sùn ní New York?

Mo padà sídìí ìwé. Wọ́n fojú díwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, òun ni EST. Aago ṣì jẹ́ UTC: mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ péré! Àti pé kí àkókò yẹn tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi NOTAMR rọ́pò rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi NOTAMC fagi lé e. Èyí tí kò ní EST, aago rẹ̀ bá ti pé, ó kú nìyẹn.

Mo ya káàdì náà. Káàdì tí mo tún rà ní Dùgbẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, yíǹkì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá ń gé páálí Indomie. Ó le dáadáa, àmọ́ ẹ lo abẹ tuntun.

Mo ti ní A sí Z ni mà á tò wọ́n. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Kóòdù Q (lẹ́tà márùn-ún tó ń sọ ohun tí NOTAM dá lé àti ipò tó wà) ni mà á tẹ̀ lé: QMRLC, MR ni ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀, LC ni pé wọ́n tì í, QOLAS, iná orí òpó gíga kò ṣiṣẹ́. Gbogbo M lókè, O nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ògiri, ó ní ṣé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ni.

HJ (láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi wọ̀) àti HN (láti ìgbà tó bá wọ̀ títí tó fi yọ) ló kàn, àmọ́ Indomie inú páálí tó kù kò tíì tán.