‘Ogójì Ọdún’ Tí Mo Kọ́ Ọmọ Mi

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, ara mi ò tíì wálẹ̀. Bí mo bá ti fojú kan ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé yẹn, ṣe ni inú mi máa ń ru. Èmi ni mo rà á. Èmi ni mo fi oṣù mẹ́ta jókòó ti ọmọ mi lálaalẹ́, tí mò ń bi í ní ìbéèrè, tó ń dáhùn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ yín ní ìwé òfin Nàìjíríà nílé, mo mọ bó ṣe ń rí: iṣẹ́ ti rẹ̀ yín, iná ò sí, ọmọ ń tòògbé, ẹ sì kàn ń wá ìwé kan tí nǹkan á fi yá.

Iléèwé àkọ́bí mi obìnrin ló yàn án mọ́ àwọn mẹ́ta tó máa ṣojú wọn níbi ìdíje. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Wọ́n ní inú ìwé òfin ọdún 1999 ni gbogbo ìbéèrè ti máa wá. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo rí ẹni tó pàtẹ ìwé sí ibùdókọ̀, mo ra odindi ìwé òfin kan, aláwọ̀ ewé yẹn, mo ra èyí tó jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn mọ́ ọn. Ohun tí mo yẹ̀ wò kò ju pé kí lẹ́tà rẹ̀ má kéré jù. Ta ló máa ń béèrè ọdún tí wọ́n tẹ Bíbélì kó tó rà á? Ojú tí mo fi wo ìwé òfin náà nìyẹn.

Ìpele àkọ́kọ́ dùn mọ́ wa. Ọmọ mi ló ń léwájú. Nígbà tó di ìpele kejì, bàbá lọ́yà tó ń ṣe adájọ́ béèrè pé, “Ó kéré tán, ọmọ ọdún mélòó ni èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó lè du ipò ààrẹ Nàìjíríà?”

Ojú ọmọ mi là wàì. Kí bàbá náà tó panu dé ló ti tẹ aago. “Ogójì ọdún, sà! Abala 131!”

“Kò rí bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n bi ọmọkùnrin kan láti iléèwé kejì. Ó ní márùndínlógójì. Àtẹ́wọ́ ròkè. Ọmọ mi ò wo adájọ́ o. Èmi ló yíjú sí, láàárín gbogbo òbí tó jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ìyá tó bá rí irú ojú yẹn lára ọmọ rẹ̀ kò ní lè jókòó. Mo dìde, mo fa ìwé yọ nínú báàgì, mo rìn lọ síwájú, bàtà mi ń dún kò, kò, kò nínú gbọ̀ngàn tó ti pa rọ́rọ́. Mo ní, “Ẹ má bínú sà, ó wà níbí, ogójì ni. Èmi ni mo kọ́ ọ.” Mo ṣí i, mo tẹ ìka mọ́ ọn.

Bàbá náà ò bínú. Ìbá tiẹ̀ sàn ká ní ó bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ ò parọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ kà. Ẹ bá wa ka ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà.” Ó gbé maikí sí mi lẹ́nu. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. 2006. Mo kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn èèyàn máa ń fi áńkáṣíìfù bò mọ́lẹ̀ yẹn. Ó wá ṣàlàyé pé 31 oṣù Karùn-ún 2018 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe tó já 40 wá sí 35 fún ipò ààrẹ, tó sì já 30 wá sí 25 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ti gómìnà àti ti aṣòfin àgbà ò yí padà, 35 ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí ọkọ̀ ojú irin. Ohùn ọmọ mi ti ń gbọ̀n. Ó ní rárá, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni. Ohun tó wà nínú ìwé wa nìyẹn. Àtúnṣe oṣù Kẹta 2023 ti mú un kúrò lórí àtòkọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lè ṣe é. Ipò kẹta la gbé wálé. Nínú ọkọ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n gba ohun tó wà nínú ìwé gbọ́.” Mi ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà: ọdún. Ẹ wo ọdún. Àkọlé ẹ̀yìn ìwé ò ní yí padà láé, “1999” ló máa jẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tà á fi máa sọ pé kò sí òmíràn, kò sì parọ́. Àmọ́ wọ́n ti tún ìwé òfin náà ṣe ní 2010, wọ́n tún un ṣe ní 2018, wọ́n tún un ṣe ní 2023. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò kúkú wo fóònù. Mo wò ó! Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀, ogójì ló wà nínú òun náà, ìyẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àyẹ̀wò tí mò ń ṣe báyìí kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo máa ṣí abala 131: bí 40 bá wà níbẹ̀, mo ti jù ú sílẹ̀. Mo máa ṣí abala 65 àti 106, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ti ìpínlẹ̀, wo 25. Lẹ́yìn náà, mo máa lọ sí àtòkọ agbára ìṣòfin lẹ́yìn ìwé, kí n wo ibi tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin sí.

Ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin. Ọmọ mi lọ ka abala 3 fúnra rẹ̀, ó ní 768 ni, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fà ti Àbújá. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó gbọ́n ju ẹni tó kọ ìwé lọ ni. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jáde ní ìpele àkọ́kọ́, òun ló sì gbà á. (Ó ti fi èyí pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.) Ìwé àlàyé tí kò bá kọ nọ́ńbà abala sí ìdáhùn rẹ̀, mi ò rà á mọ́.

Mo tún rí fídíò kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé òfin náà. Ẹnì kan ń pariwo níbẹ̀ pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn dé kóòtù, ó parí. Abala 35 ní ọjọ́ kan ni bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ bí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Ẹ ò rí i pé ìdajì òfin ló ń pariwo.

Àjọ PLAC (Policy and Legal Advocacy Centre) ní Àbújá máa ń gbé ìwé òfin náà àtàwọn àtúnṣe rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A wà á jáde, a tẹ̀ ẹ́, a dì í pọ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.

Ọmọ mi ò gbà kí n ju ìwé aláwọ̀ ewé náà nù. Ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí ogójì, ó kọ 35 sókè rẹ̀, ó kọ “2018” sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdíje mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí n má sì gbé báàgì wá.