Bàálù lórí òrùlé wa

Láàárọ̀ àná, bàálù ológun kan fò kọjá lórí Sábọ̀n Gàrí ní Kánò níbí, ni tíì bá ń gbọ̀n nínú ife mi. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìyẹn náà ló já ẹ láyà?" Ló bá fi èèpo ẹ̀pà to ọ̀nà sórí bẹ́ǹṣì: Takoradi ní Gánà, Èkó, Kánò, Màídúgùrí, Khartoum ní Sudan, títí dé Cairo.

Ọ̀nà tí bàálù ń gbà nígbà ogun Hitler ni o. Nígbà tí Ítálì wọ ogun náà lọ́dún 1940, òkun Mẹditaréníà ò ṣe é gbà fàlàlà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó bàálù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tú sínú àpótí dé Takoradi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, tí wọ́n á fi gba Kánò lọ sí Íjíbítì. Bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní Hurricane, mẹ́fà ló kọ́kọ́ lọ, nínú oṣù kẹsàn-án, bàálù ajubọ́ǹbù Blenheim kan ló ṣíwájú wọn. Epo Hurricane kì í gbé e jìnnà, ló fi ń yà kiri bí ọkọ̀ akérò.

Oṣù kẹjọ 1967, nígbà ogun Biafra, Kánò yìí náà ni bàálù ogun MiG-17 láti Rọ́ṣíà dé sí. Bàbá ní àwọn sá kúrò ní kíláàsì lọ wò ó.

Oníbàárà dé. Bàbá gbá èèpo ẹ̀pà dànù, àti Kánò àti Cairo.