Ọjà ń tà ní ìsọ̀ mi, gbèsè dọ́là ń jẹ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é

Ó ti lé ní ọdún 16 tí mo ti ń ta ohun èlò oúnjẹ ní Òkè-Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé mo mọ ilé-iṣẹ́ tí ara rẹ̀ le. Owó tí mo ń tọ́jú fún ẹ̀kọ́ àbíkẹ́yìn mi ni mo fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn òbí wa ti ń ra ọjà rẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. N kò ṣí ìwé ìṣirò wọn wò.

Gbogbo wa ni a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní òpin 2022, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí 2023 fi parí, ó ti kọjá 900. Ẹni tí ó jẹ 100 mílíọ̀nù dọ́là, tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 46 náírà, wá ń jẹ ohun tí ó ju bílíọ̀nù 90 lọ láìyá kọ́bọ̀ kún un.

Ọjọ́ tí èsì ọdún náà jáde, oníbàárà kan na owó páálí méjì ọjà ilé-iṣẹ́ yìí gan-an sí mi, bí mo ṣe ń kà á lórí fóònù pé òfò ni wọ́n ṣe. Ọjà tí wọ́n tà ju ti èṣí lọ, èrè orí ọjà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kan wà, owó èlé àti àdánù pàṣípààrọ̀ owó, tí ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wọn kò ní san ìpín-èrè. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, títí oníbàárà fi bi mí pé, "Màmá, ṣé kò sí ṣẹ́ńjì ni?" Kì í ṣe ojúkòkòrò ni ó mú mi rà á, ẹ̀rù òfò gan-an ni ó mú mi yan ilé-iṣẹ́ oúnjẹ.

Mo ti ta ìdajì, mo sì ti san owó ilé-ìwé. Nísinsìnyí, kí n tó ra ṣíà kankan, mo máa ń wò bóyá owó ń wọlé láti inú ọjà títà ní tòótọ́, tàbí orí ìwé nìkan ni èrè wà. Mo sì ń wo iye ìgbà tí èrè orí ọjà lè san owó èlé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni mo kọ́kọ́ ń wá: owó orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n fi yá a, ọwọ́ ta ni wọ́n ti yá a, ìgbà wo ni wọn yóò san án. Inú àlàyé tí ó wà lẹ́yìn ìṣirò ni ó máa ń wà, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà dé. Mo padà ṣí ìwé wọn ti ọdún 2022. Gbèsè dọ́là náà wà níbẹ̀.