Afẹ́fẹ́ àti ata ló gbé àwọn Gíríìkì dé etíkun Íńdíà

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Gíríìkì àti Íńdíà pọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ Alexander, ọba Makedóníà ayé àtijọ́, ló máa ń já sí, ogun, ẹṣin, erin. Ó máa ń dùn mí, torí Alexander ò dé gúúsù Íńdíà rárá, àwọn sójà ẹ̀ ló ní àwọn ò lọ mọ́ ní 326 ṣáájú ìbí Jésù tó fi ṣẹ́rí padà. Àwọn tó wá ń lọ sí etíkun Kerala ní gúúsù Íńdíà lẹ́yìn náà, oníṣòwò ni wọ́n, àwọn Gíríìkì tó ń gbé Íjíbítì, ata ni wọ́n sì bá lọ. Kì í ṣe ata rodo o, ata dúdú oníhóró yẹn ni, òun àti iyèré tiwa, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Nǹkan bí oṣù keje ni wọ́n máa ń ṣíkọ̀, wọ́n á gba Òkun Pupa jáde, afẹ́fẹ́ á wá gbá ọkọ̀ lẹ́yìn, á gbé wọn la agbami kọjá tààrà, tó bá di ìparí ọdún afẹ́fẹ́ kan náà á yíjú padà, á tún máa gbé wọn bọ̀ wálé. Wọ́n ní Hippalus, atukọ̀ Gíríìkì, ló mọ ọgbọ́n yìí. Mi ò gbà. Àwọn ará Íńdíà àti Lárúbáwá ti ń fi afẹ́fẹ́ yẹn tukọ̀ tipẹ́. Ìtàn kan wà nínú ìwé Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́ kan, pé wọ́n rí ọmọ Íńdíà kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ní Òkun Pupa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, wọ́n gbé e lọ bá ọba Íjíbítì, wọ́n kọ́ ọ lédè Gíríìkì, òun ló wá júwe ọ̀nà fún Eudoxus, atukọ̀ Gíríìkì kan, àti àwọn tí wọ́n jọ lọ. Orúkọ Eudoxus wà níbẹ̀, ti ọmọ Íńdíà yẹn ò sí.

Ní Barygaza náà, èbúté kan ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ìyẹn Bharuch òde òní, ẹnu odò ibẹ̀ léwu gan-an. Oníṣòwò kan tó kọ̀wé lédè Gíríìkì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù sọ pé àwọn apẹja ọba ló máa ń wa ọkọ̀ wá pàdé àlejò, tí wọ́n á fi okùn fà wọ́n wọlé. Ó tún ní wọ́n ṣì ń ná owó àtijọ́ Apollodotus àti Menander, àwọn ọba Gíríìkì tó jẹ ní Íńdíà, níbẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọba yẹn ti kú ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún!

Àwọn akéwì Tamil ní gúúsù Íńdíà náà kọrin nípa ọkọ̀ àwọn Yavana, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Gíríìkì nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kó wúrà wá sí Muziris, èbúté kan ní Kerala, tí wọ́n ń kó ata lọ. Ìwé àdéhùn owó yíyá kan tiẹ̀ wà ní Vienna dòní, èdè Gíríìkì ni, lórí ìrìn àjò Muziris, eyín erin àti náádì, ewéko olóòórùn dídùn kan, ni ọkọ̀ tó ń jẹ́ Hermapollon kó bọ̀. Àwọn ará Íńdíà náà ò jókòó sílé o. Ní Berenike, èbúté àtijọ́ kan ní Íjíbítì létí Òkun Pupa, wọ́n ti hú ata tó lé ní kìlógíráàmù 7 jáde nínú ìkòkò Íńdíà, wọ́n sì rí ère Buddha níbẹ̀.