Eku Tó Kú Ló Yẹ Kí Ẹ Bẹ̀rù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ aṣojú ọkọ̀ òkun, àwa tí à ń bá ọlọ́kọ̀ ṣètò ìwé àti ìgúnlẹ̀ ní èbúté, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí, àti Ìpakodò níbí, níbi tí bájì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù, ń já kọ̀nténà sí.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ni mo ṣe àṣìṣe tó ṣì ń dùn mí. Ọkọ̀ ìrẹsì kan ń bọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ti fi ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó ọkọ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo rí òǹtẹ̀, mo rí ìbuwọ́lùwé, mo tì í sínú fáìlì. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé yẹn ń lò. Wọ́n lè fi oṣù kan lé e bí kò bá sí ẹni tó lè yẹ ọkọ̀ wò níbi tó wà. Tiwa ti fi ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera èbúté, ní kí ọkọ̀ ju ìdákọ̀ró síta, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá ìgbẹ́ eku ní yàrá oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, owó ìdádúró ọkọ̀ ń gorí ara wọn. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn ní, "Ṣé o kà á ni, àbí o kàn wò ó?"

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí eku fi lè dá odidi ọkọ̀ dúró. Àrùn aṣekúpani tí wọ́n ń pè ní pléègì ni. Láyé àtijọ́, Venice, ìlú èbúté kan ní Ítálì, a máa dá ọkọ̀ dúró fún ogójì ọjọ́. Ogójì ní èdè wọn ni ọ̀rọ̀ quarantine ti wá. (Ọlọ́mọ tuntun wa náà ń ka ogójì, àmọ́ òun ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná.) Èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ṣọ́ eku. Ọdún 1894 ni dókítà Alexandre Yersin rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong. Ní 1898, dókítà Paul-Louis Simond fi hàn ní Karachi pé kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń gbé e kiri. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò yẹn á fò kúrò, á wá ẹlòmíì tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ dúró nítòsí ni.

Láti ìgbà náà ni òfin ti yíjú sí eku. Àdéhùn àgbáyé ti 1926 ló ní kí ọkọ̀ máa gba ìwé pé wọ́n ti pa eku inú rẹ̀, tàbí pé kò sí, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nǹkan náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wa rí: 1924 ni pléègì wọ Èkó, wọ́n wó ilé, àwọn kan sì ṣí lọ sí Yábàá.

Òfin ìlera àgbáyé tí a ń lò báyìí, ti 2005 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, kò fẹ́ kí èbúté lé ọkọ̀ nítorí àrùn. Bí èbúté kò bá ní irinṣẹ́, ó lè darí ọkọ̀ sí èyí tó ní in nítòsí. Ohun tí wọ́n bá máa ṣe, kí wọ́n ṣe é kíá. Ìrírí ló kọ́ wọn. Nígbà tí ìròyìn pléègì jáde ní Surat, ìlú kan ní Íńdíà, ní 1994, àwọn orílẹ̀-èdè kan dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, àwọn kan kọ ẹrù Íńdíà. Ta ló máa rí irú ìyẹn tí kò ní fẹ́ fi àrùn pa mọ́?

Mo rí irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀ ní kékeré ní Ìpakodò. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ bájì rí eku mẹ́ta tó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ìgbálẹ̀ gbá wọn sínú ọ̀sà kí iṣẹ́ má bàa dúró. Mo bínú gan-an, lẹ́yìn náà mo rántí fáìlì mi. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé bí eku bá ń sáré kiri, wàhálà ológbò nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó fún wọn ní májèlé, kó má fọwọ́ kàn wọ́n, kó pè mí.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, eku kan ti kú o." Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tí mo rántí láti bi í pé kí ló pa á.

"Èmi ni," ó ní. "Igi ni mo fi lù ú."