Minamata ní ẹsẹ̀: láti ẹnubodè ilé iṣẹ́ dé ọgbà òdòdó tí wọ́n gbìn sórí ẹrẹ̀ mákúrì

Láti Hakata, ní ìlú Fukuoka ní ilẹ̀ Jàpáànù, ẹ ó wọ Shinkansen Kyushu, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ọfà. Nǹkan bíi wákàtí kan ni yóò fi gbé yín dé Shin-Minamata. Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ dáadáa kí ẹ tó wọlé o. Mizuho kì í dúró níbẹ̀, ojú fèrèsé lẹ ó ti kí ìlú náà pé ó dàbọ̀. Sakura ni kí ẹ wá, kì í sì í ṣe gbogbo Sakura ló ń dúró. Ní Shin-Minamata, ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré Hisatsu Orange, ibùdó kan péré ló kù. Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdó Minamata, tí ẹ gbójú sókè, ẹnubodè ilé iṣẹ́ tó sọ orúkọ ìlú yìí di orúkọ àrùn, àrùn tí mákúrì inú oúnjẹ òkun fà, ló wà lọ́ọ̀ọ́kán yín. JNC ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Chisso ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà.

Ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà níbẹ̀. Ajílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ní 1932 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe acetaldehyde, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oríṣiríṣi kẹ́míkà mìíràn, títí kan èyí tó ń mú kí ike rọ̀. Mákúrì ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò ńlá náà kí iṣẹ́ lè yá. Èyí tó pọ̀ jù nínú mákúrì yẹn kì í yí padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di methylmercury nínú ìkòkò gan-an, kó tó bá omi ìdọ̀tí jáde. Ìyàtọ̀ méjèèjì ṣe pàtàkì. Mákúrì olómi tó wà nínú ìwọ̀n ìgbóná ara àtijọ́, bí èèyàn bá gbé e mì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò bá ìgbẹ́ jáde. Methylmercury kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfun máa ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, ó máa ń wọ ọpọlọ, ó sì máa ń gba inú ibi kọjá sí ara ọmọ inú oyún. Títí di 1968 ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ má dúró pẹ́ níwájú ẹnubodè, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹ ó rí. Ẹ gba apá òkun lọ sí Hyakken, níbi tí ẹnu gọ́tà ilé iṣẹ́ náà wà. Ẹsẹ̀ tó fún un, kò jìnnà. Gọ́tà lásán ni lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Kumamoto wọn ẹrẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní 1959, nǹkan bíi kílò mákúrì méjì ni wọ́n bá nínú tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ kan. Iye yẹn tó ẹni tó fẹ́ wà á tà. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ẹnu gọ́tà náà ni iye mákúrì ń wálẹ̀. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán ọ̀nà tí májèlé náà gbà wá.

Ẹja ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ nípa rẹ̀ ní Minamata, kò sì burú, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá omi oníkarahun ni ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yẹ kó wò. Ẹja ń rìn. Èyí tí ẹ pa ní òní lè ti jẹun ní ibi tó jìnnà. Ọ́sítà lẹ̀ mọ́ òkúta, ibi tó bá ti jókòó ló máa wà títí wọn ó fi ká a. Ìkarahun ẹlẹ́nu méjì ń fa omi wọlé, ó ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ohun tó bá kù lójú asẹ́ ló ń jẹ. Ọ́sítà tó ti dàgbà lè sẹ́ ju ọgọ́rùn-ún lítà lọ ní ọjọ́ kan bí omi bá gbóná díẹ̀. Irin olóró inú omi, bíi mákúrì, ń wọ ara rẹ̀ yára ju bó ṣe ń jáde lọ. Alákàn ní tirẹ̀ ń rìn lórí ẹrẹ̀, ó ń jẹ òkú ẹja, ó ń jẹ ìkarahun kéékèèké, ó ń kó gbèsè gbogbo wọn sínú ara kan. Láti ara ìkarahun dúdú kan tó pọ̀ nínú omi náà ni wọ́n sì ti yọ èròjà mákúrì náà fúnra rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Lára ohun tí wọ́n wọn nígbà náà, ọ́sítà ní mílígíráàmù 5.61 nínú kílò kan, alákàn sì ní 35.7. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí nọ́ńbà lásán kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ JECFA, ti FAO (àjọ oúnjẹ àgbáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé), sọ ní 2003 pé ohun tí ara lè gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ máíkírógíráàmù methylmercury 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 ní máíkírógíráàmù 96 láti ná lọ́sẹ̀. Bí gbogbo mákúrì inú alákàn yẹn bá jẹ́ methylmercury, gíráàmù 2.7 péré ti gba gbogbo owó náà tán. Èyí kò tó òkèlè kan. Bó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni methylmercury, gíráàmù 5.4. Ti ọ́sítà, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ methylmercury, á jẹ́ gíráàmù 17. Ààlà tí ìjọba Jàpáànù fi lélẹ̀ ní 1973 ni mílígíráàmù 0.4 nínú kílò kan fún gbogbo mákúrì àti 0.3 fún methylmercury. Ní 0.3 yẹn, ẹni kan náà lè jẹ gíráàmù 320 lọ́sẹ̀.

Àwọn abúlé apẹja wà ní gúúsù Hyakken: Tsukinoura, Yudo, Modo. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ́pọ̀. Etíkun ibẹ̀ súnmọ́ ẹ̀yìn ilé. Bí omi òkun bá fà, obìnrin àti ọmọdé á sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣa ìkarahun, ẹni tí kò ní ọkọ̀ ojú omi tàbí àwọ̀n kò ní fi ebi sùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn tálákà ló kọ́kọ́ kú. Ní oṣù kẹrin 1956, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà wá sí ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ náà. Kò lè rìn dáadáa, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ náà fi ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, Dókítà Hosokawa, olórí ilé ìwòsàn náà, fi tó ọ́fíìsì ìlera létí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ tí àrùn náà fojú hàn.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kú tipiri, ẹnu á máa wọ́, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú á máa rí iwájú nìkan bí ẹni ń wo inú páìpù. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àrùn àkóràn. Wọ́n fín oògùn apakòkòrò sínú ilé àwọn aláìsàn, aládùúgbò kò sì yà ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológbò abúlé ti ń jó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ṣáájú àwọn èèyàn, nítorí ẹja àti ìkarahun kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ní 1957, ọ́fíìsì ìlera ìlú bọ́ àwọn ológbò mìíràn ní ẹja àti ìkarahun inú omi yẹn, àrùn náà sì mú wọn. Kí ló kù? Ìjọba ìpínlẹ̀ Kumamoto fẹ́ fi òfin oúnjẹ dá pípa ẹja níbẹ̀ dúró. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fèsì pé kò tíì hàn gbangba pé *gbogbo* ẹja àti ìkarahun ibẹ̀ ló ti lóró, nítorí náà òfin kò lè mú un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí ọjà máa ná lọ. Bí májèlé bá wà nínú ọbẹ̀, ta ló ń dúró ka gbogbo ẹ̀wà tó wà nínú ìkòkò kó tó gbé e kúrò lórí iná?

Ní oṣù kẹsàn-án 1958, ilé iṣẹ́ náà yí ẹnu gọ́tà kúrò ní Hyakken sí ẹnu odò Minamata, lápá àríwá. Àrùn náà bá gọ́tà lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tí kò jẹ ẹja Hyakken rí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Dókítà Hosokawa fúnra rẹ̀ da omi ìdọ̀tí acetaldehyde sórí oúnjẹ ológbò kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400. Ní oṣù kẹwàá 1959, ológbò 400 bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ilé iṣẹ́ náà bo àbájáde yẹn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìsọmidọ̀tun kan tí wọ́n ń pè ní Cyclator, ọ̀gá àgbà sì mu ife omi kan níwájú àwọn oníròyìn. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ náà láti yọ methylmercury kúrò.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àrùn Minamata ti ìlú náà wà lórí òkè kékeré tó kọjú sí omi, láti 1993. Ọ̀fẹ́ ni. Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń tì, ẹ má fi ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ okùn ìwọ́. Ní Yorùbá, a máa ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn máa ń sá okùn ìwọ́ gbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí igi kékeré. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wọn methylmercury inú àwọn okùn yẹn, wọ́n sì fi mọ ọdún tí májèlé náà pọ̀ jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn náà kò jẹ ìkarahun kankan rí. Ìyá wọn ló jẹ ẹ́, ara ìyá sì ti í sọ́dọ̀ ọmọ, tó fi jẹ́ pé ìyá míì lè dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Nínú irun orí àwọn aláìsàn, wọ́n rí tó mílígíráàmù 705 nínú kílò kan. Ti àwọn ará ibòmíì ní Kumamoto jẹ́ nǹkan bíi 4.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ sílé, sí ìṣáwùrú àti alákàn ọ̀sà Èkó tàbí ti ọjà Ẹ̀pẹ́, ibi tí ìwọ̀n ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ẹ ṣa bíi ogún sí ọgbọ̀n tí ìwọ̀n ara wọn dọ́gba láti ojú kan, nítorí àgbà àti ọmọ kì í ní iye kan náà. Ẹ fi wọ́n sínú omi mímọ́ tó ní iyọ̀ bíi tibi tí wọ́n ti wá fún wákàtí 24 kí wọ́n yàgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ inú ìfun lẹ ó máa wọn. Ọ̀bẹ ike ni kí ẹ fi yọ ẹran, nítorí ọ̀bẹ irin lè fi irin tirẹ̀ kún un. Bó bá jẹ́ mákúrì lẹ ń wá, ẹ má yan án gbẹ nínú ààrò gbígbóná, mákúrì lè fò lọ. Ẹ jẹ́ kó dì bíi yìnyín, kí ẹ fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ bẹ́ẹ̀ (freeze-drying ni wọ́n ń pè é). Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wá dé: ẹran ìkarahun jẹ́ omi ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Mílígíráàmù 0.5 kádíọ́mù, irin olóró mìíràn, nínú kílò ẹran tútù di 2.5 nínú ti gbígbẹ. Ààlà Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún ọ̀pọ̀ ìkarahun ẹlẹ́nu méjì inú òkun jẹ́ 2, ti tútù ni. Ẹni tó gbé 2.5 gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ 2 tútù á kígbe lásán. Ẹni tó ṣe é ní òdìkejì á pa èèyàn.

Nínú ilé ìdáná, ẹ má retí ohun púpọ̀. Rírẹ sínú omi mímọ́ ń lé kòkòrò àìfojúrí, kì í lé mákúrì, nítorí ó ti so mọ́ ẹran. Bí ẹ bá sè é, omi á jáde, ẹran á sún kì, mákúrì inú gíráàmù kọ̀ọ̀kan á tún pọ̀ sí i. Ohun ràkọ̀ràkọ̀ inú igbá alákàn, tí àwọn kan ń dù, ibẹ̀ ni kádíọ́mù máa ń kó sí jù. Ìyẹn nìkan ni ọ̀bẹ lè yọ. Ní ti mákúrì, ẹ wo òkè odò: àwọn awagóòlù ọlọ́wọ́ ń lò ó láti fa góòlù jáde nínú iyẹ̀pẹ̀, bó ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa kọ èèyàn lóminú nìyẹn. Àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kumamoto ní oṣù kẹwàá 2013, ìlú yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀.

Láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Eco Park. Pápá, ọgbà ọparun, òdòdó róòsì, àwọn ère òkúta kéékèèké tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn gbẹ́, tí wọ́n kọjú sí òkun. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, omi ni tẹ́lẹ̀. Láti 1977 dé 1990 ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ tí mákúrì rẹ̀ ju 25 nínú mílíọ̀nù kan lọ, nǹkan bíi mítà onígun mílíọ̀nù kan àbọ̀, wọ́n kó o sẹ́yìn ògiri irin, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ bò ó. Nǹkan bíi héktà 58 ni ilẹ̀ náà. Àwọ̀n tí wọ́n ta sẹ́nu omi láti 1974 kí ẹja má bàa jáde, 1997 ni wọ́n tó ká a, lẹ́yìn tí gómìnà kéde pé ẹja àti ìkarahun ibẹ̀ ti ṣeé jẹ. Wọn kò sọ mákúrì yẹn di nǹkan mìíràn. Ó ṣì wà lábẹ́ àwọn òdòdó róòsì, nínú ògiri irin tí omi iyọ̀ ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, ní erékùṣù tí ilẹ̀ ti mì tìtì ní 2016.