Bí mo ṣe ń se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ará Ṣáínà nílé tí kì í wúwo níkùn

Ó tó ọdún kan tí mo fi ba ẹran jẹ́ kí n tó rí ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ aládùn-tó-kan ni mò ń wí, èyí tí àwọn ilé oúnjẹ ará Ṣáínà máa ń dì fúnni sínú ike: ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò nípọn, tí wọ́n dín nínú òróró tó mù ún dé orí, tí wọ́n wá yí i mọ́ ọbẹ̀ pupa tó ń dán, pẹ̀lú tàtàṣé, àlùbọ́sà àti ọ̀pẹ̀yìnbó. Ọ̀dọ̀ àwọn Cantonese, ìyẹn àwọn ará Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, ló ti wá, àwọn ọmọ wọn tó ṣí lọ sí òkèèrè ló sì gbé e kiri ayé.

A fẹ́ràn rẹ̀ nílé wa púpọ̀. Bí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá ti lẹ́, kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. Àfìgbà tí dókítà sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, pé kí ó dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ní n ó máa sè é fúnra mi: n ó yọ òróró, n ó yọ ṣúgà, n ó yọ iyọ̀, ó parí. Ohun tí mo gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò ṣeé jẹ. Mo ti ẹran sínú ofúùnù láìfi nǹkan kan bò ó, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ọbẹ̀ tí mo dà lé e ṣàn bí omi, ó kan bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ títí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n jẹ ìrẹsì nìkan.” Ọkọ mi jẹ tirẹ̀ tán, kò wí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun gan-an ló ra ti ìta wọlé.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó là mí lójú. Mo jókòó, mo bi ara mi pé kí ni ẹnu wa ń wá nínú oúnjẹ yìí gan-an. Ara ẹran tó gbẹ tí eyín ń rún, kíkan tó ń fa itọ́ lẹ́nu, àti bó ṣe máa ń gbóná dé orí tábìlì. Òróró kò sí lára ohun tí ẹnu wa ń wá. Àwọn tó ń tà á ń dáná fún èrò, wọ́n máa ń dín ẹran sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á tún dín in lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí oníbàárà bá dé, nítorí náà ìyẹ̀fun rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kí ó lè dúró nínú ọbẹ̀ títí yóò fi délé. Èmi tí ẹran mi kò rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ láti ìdí iná dé orí tábìlì, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀wù nínípọn bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ẹran tí ẹ bá rà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ nínú 100 gíráàmù rẹ̀ ní tútù, ọ̀rá a máa lé ní ìdajì. Èyí tí mo ń rà ni ẹran gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, tí àwọn alápatà ń pè ní tenderloin. Ọ̀rá rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin lọ nínú 100. Ó rọ̀, kì í pẹ́ jinná, ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ náà nìyẹn, nítorí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti gbẹ. Mo máa ń ra 500 gíráàmù fún ènìyàn mẹ́rin, n ó gé e ní ìwọ̀n ìka àtàǹpàkò, n ó sì fi bébà nù ún kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ má fo ìnùnù yẹn. Ẹran tó lómi kì í dín, ńṣe ló máa ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀pẹ̀yìnbó, nítorí mi ò fẹ́ kí ó ṣe ẹlòmíràn. Mo gbọ́ pé omi ọ̀pẹ̀yìnbó máa ń mú ẹran rọ̀. Mo gún tútù kan, mo fún omi rẹ̀ sórí ẹran ní alẹ́, mo kó o sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí àwo náà, ìrísí ẹran ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ìka kan ọ̀kan, ìka mi wọlé. Ara rẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó ń fà lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tí kò dì. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ẹ̀yìn náà ni mo mọ̀ pé èròjà kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tí wọ́n ń pè ní bromelain, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fọ́ àmúaradàgbà sí wẹ́wẹ́. Ẹran sì nìyẹn. Iná máa ń pa á, ìdí nìyẹn tí èyí tó wà nínú agolo kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti gbé e kaná kí wọ́n tó dé e. Láti ọjọ́ náà, inú ọbẹ̀ tó ń hó nìkan ni ọ̀pẹ̀yìnbó ti ń bá ẹran pàdé nílé mi.

Ohun tí mo fi ń pa ẹran lára báyìí kò pọ̀: atalẹ̀ tí mo rin, ayù ẹyọ kan, ata funfun díẹ̀, àti funfun ẹyin kan tí mo lù títí ó fi yọ ìfóòfó. Kò sí iyọ̀, kò sí soy sauce, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n ó wọ́n kọ́nfláwà ṣíbí ìjẹun mẹ́rin lé e, n ó fi ọwọ́ dà á pọ̀ kí ó lè kan gbogbo rẹ̀. Ẹ má tíì gbé e kaná o. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ó rí i tí funfun ìyẹ̀fun náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀, tí yóò mu omi ara ẹran, tí yóò di bí awọ fẹ́lẹ́ kan. Awọ fẹ́lẹ́ yẹn ló máa gbẹ. Ìyẹ̀fun tó bá ṣì ń fò lára ẹran yóò jábọ́ sínú òróró ni, yóò jóná, yóò sì mú gbogbo rẹ̀ korò.

Ní ti òróró, ṣíbí ìjẹun kan ni mò ń lò fún ìdajì ẹran, ìdajì kọ̀ọ̀kan ni mo sì máa ń dín lọ́tọ̀. Ṣíbí méjì péré nìyẹn fún gbogbo ilé, nǹkan bíi kálórì 240 tí ènìyàn mẹ́rin pín. Agbada tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ jẹ́ kí ó gbóná kí òróró tó wọ̀ ọ́. Bí òróró bá ti ń rìn lórí irin bí omi, ẹ fi ẹran kan dán an wò. Bí ó bá pariwo kíkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti tó. Bí ó bá dákẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ to ìyókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí àyè wà láàárín wọn, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò. Èyí ló nira fún mi jù. Ọwọ́ mi fẹ́ràn láti máa ro nǹkan lórí iná, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ro ó, awọ ìyẹ̀fun náà á ṣí kúrò lára ẹran, á lẹ̀ mọ́ agbada. Ẹ kà á tó ìṣẹ́jú méjì. Bí ó bá ti tó àkókò, ẹran fúnra rẹ̀ ni yóò jọ̀wọ́ agbada. Ẹ yí i padà, ẹ dín ìhà kejì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná ẹran, owó tí mo ná lé e kò dùn mí rí. Ìlànà iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà fún odindi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò lọ̀ ni dígírì Celsius 63, kí a sì fi sílẹ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orí wáyà tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ ni kí ó ti sinmi. Tí ẹ bá kó o jọ sínú àwo, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ yóò di omi, awọ tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí yóò sì rọ̀.

Ọbẹ̀ náà wá ńkọ́? Mo ti rí ìlànà tó ní kí a da ìdajì ife ṣúgà sí i. Èmi ń lo ṣíbí ìjẹun kan, ìyókù adùn náà sì ń ti ara omi ọ̀pẹ̀yìnbó wá, nǹkan bí ìdajì ife, tí mo jẹ́ kí ó hó títí ó fi dín kù tó sì ki díẹ̀. Mo máa ń fi kẹ́ṣọ́ọ̀pù ṣíbí méjì sí i, òun ló ń fún un ní àwọ̀ pupa yẹn. Fínígà ìrẹsì jẹ́ ṣíbí mẹ́ta, àmọ́ méjì ni mo ń dà sí i níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta dìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, torí iná máa ń gbé òórùn fínígà lọ. Fínígà tó wọlé gbẹ̀yìn yẹn ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ta sánsán, ẹnu kì í sì béèrè iyọ̀ mọ́.

Iyọ̀ sì ni ẹrù tó wúwo jù fún ilé tiwa. Soy sauce yẹn, ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ a máa ní nǹkan bíi mílígíráàmù 900 sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó mílígíráàmù 2,000 rẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí pé ṣíbí mẹ́rin-márùn-ún ni mo máa ń dà sí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi tutù. Báyìí, ṣíbí kan ni fún gbogbo wa, èyí tí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù.

Láti mú un ki, ẹ po kọ́nfláwà ṣíbí tíì kan mọ́ omi tútù kí ẹ tó dà á sí i. Bí ẹ bá wọ́n ọn ní gbígbẹ sínú ọbẹ̀ gbígbóná, yóò dì kókó ni, kò sì sí ríro tó lè tú u. Tàtàṣé pupa àti ti aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú àlùbọ́sà, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí iná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì máa ró lẹ́nu, kí ẹ sì fi wọ́n sí i dáadáa, ìlọ́po méjì iye tí ilé oúnjẹ ń fi sí i.

Ẹ pe gbogbo ènìyàn sídìí tábìlì ná kí ẹ tó da ẹran sínú ọbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìṣẹ́jú ààbọ̀ ni yíyí rẹ̀, ẹ bù ú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é báyìí, mo ń wo ẹnu ọmọ mi. Mo gbọ́ bí ó ṣe rún un kí n tó rí ojú rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ó ṣì kù?” Ọkọ mi na àwo tirẹ̀ náà, ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ má gbàgbé mi o.”

Bí ó bá máa ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú ẹran lọ́tọ̀, ọbẹ̀ lọ́tọ̀, nínú fíríìjì. Ní ọjọ́ kejì, ofúùnù tó gbóná dé dígírì Celsius 200 ni ẹ máa gbé ẹran sí títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọbẹ̀ sì ń hó lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Makiroweefu á sọ ọ́ di rírọ̀ ni, mo ti dán an wò.